Ọ̀sán Tí Bàbá Ń Kun Ilẹ̀kùn

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà, ara mi kì í balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Sabon Tasha, Màmá ti ọsibítù dé láìsí ikùn ńlá rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ yí i ká nínú yàrá, wọ́n ń tù ú nínú. Níta, Bàbá ń kun ilẹ̀kùn. Ó kùn ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọ̀ rẹ̀ ni kò wù ú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé oyún ló bàjẹ́.

Àlàájì tó ń gbé òdìkejì ilé wa gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Bàbá.

“Sannu, pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Dúpẹ́. Ọmọ tìrẹ náà ló lọ.”

Bàbá jókòó sórí pèpéle, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ pe Màmá. Ó rọra jáde, ó jókòó tì í.