Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Ohùn fóònù yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. "Image. Image. Image." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, bí ẹni tí oorun ń kùn, tí ọkọ mi bá ṣí ojú ewé ìjọ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú apartment wa ní Fondren. Iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn ká tó wá sí Houston, àwọn náà ni wọ́n sì ya gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀ àfi ẹyọ kan. Nígbà tí ojú wọn wá fọ́, fóònù ló ń kà á sí wọn létí. Á ka ìwàásù, á ka àdírẹ́sì, tó bá ti kan àwòrán, ó di "image".

Ọkọ mi ní, "Ìyá Wálé, ìjọ ti yọ iṣẹ́ mi kúrò." Mo ní wọn ò yọ ọ́. Wọn ò gbà mí gbọ́. Bí wọn ò ṣe lọ sí ìjọ mọ́ nìyẹn.

Tólú, ìyàwó Wálé ọmọ wa, iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ló ń ṣe. Nígbà tó wá kí wa láti Cypress lẹ́bàá Houston níbí, mo rojọ́ fún un. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà kan hàn mí:

<img src="ikore.jpg">

"Mọ́mì, ẹni tó kọ eléyìí ò fi alt sí i. Inú alt la máa ń kọ ohun tó wà nínú àwòrán sí, kí fóònù lè kà á fún ẹni tí ò ríran. Ẹ má fi 'àwòrán' bẹ̀rẹ̀, ó máa sọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ dẹ̀ jẹ́ kó kúrú o!"

Kúrú kẹ̀? Èmi oníwèé mẹ́fà, mo ti di ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó wà nínú àwòrán wọ̀nyẹn tí n kò mọ̀ lórúkọ. Tólú gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọ. Mo ń sọ, ó ń tẹ̀: Àdùkẹ́ ọmọ Ìyá Ọ̀ffà gbé iṣu ìkórè lórí, Fẹ́mi àbúrò rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, Délé ẹ̀gbọ́n wọn ń wo bàtà...

"Mọ́mì, alt nìyí o, kì í ṣe ìkíni ilé àna!"

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹyọ kan ló ní ọkọ mi nínú. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Èmi ni mo ya ìyẹn. Mo ní kó kọ "Bàbá Wálé". Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

Nígbà tí ọkọ mi tún ṣí i, fóònù pe Àdùkẹ́ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Iṣu yẹn! Ọwọ́ òsì ni oòrùn ti ń wọlé lọ́jọ́ náà." Nígbà tó kan tiwọn, wọ́n ní, "Bàbá Wálé mẹ́ta ló wà ní ìjọ wa. Èwo lèmi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn ni."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n bá àwọn wá sùtánà tí àwọn máa ń wọ̀ lọ sí ìjọ.

Wọ́n ti lọ báyìí. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ìjọ gbé fọ́tò kan ṣoṣo yẹn sókè ojú ewé, Tólú sì bi mí pé ṣé "Bàbá Wálé" náà ni kó wà níbẹ̀, nígbà tí àlejò ò ní mọ èwo ni. Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, n ò yanu:

alt="Bọ́lárìnwá, ẹni tó ya gbogbo àwòrán yòókù"

Tí mo bá ń se ọbẹ̀, mo máa ń ṣí i. Fóònù ló ń pè wọ́n lórúkọ. Èmi ò pè wọ́n.