Àwọn Àwo Tí Ìyá Àgbà Sá Sóòrùn

Òórùn kòkó tó ń gbẹ lórí símẹ́ǹtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn kíkan tó máa ń dàpọ̀ mọ́ èéfín ìdáná, tí yóò gba gbogbo agboolé wa ní Ìkẹ́rẹ́ kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí kòkó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, ó máa ń bá wa dé ilé ìwé. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo sì rí àwo orin méje láàárín kòkó, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n rí roboto bí ojú kànga méje.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló sá wọn síbẹ̀. Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé wọn ti Èkó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀yìn lọ́rì ló jókòó sí, òjò sì bá wọn láti Oǹdó títí wọ Àkúrẹ́. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, páálí tí wọ́n fi bo àwọn àwo náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, àwòrán ara wọn sì ti ṣí kúrò. Ìyá àgbà kò rí ohun tó ṣòro nínú ìyẹn. Ohun tí òjò bá pa, oòrùn ni yóò tún un ṣe. Ó jí ní ìdájí, ó nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yí wọn padà bí ó ti ń yí kòkó.

Káyọ̀dé sùn títí oòrùn fi mú. Nígbà tó jáde, ó dúró lójú ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Ìyá, ta ló kó ìwọ̀nyí síbí?"

"Èmi ni. Àbí o fẹ́ kí wọ́n hu funfun ni?"

"Wọ́n ti bàjẹ́, Ìyá."

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ulé yìí ni mo ti ń sá kòkó," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹyọ kan kò bàjẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Lọ bọ́jú rẹ, kí o wá jẹ uyán."

Àwọn àwo náà ti ká létí bí ewé tí iná rà. Káyọ̀dé fẹ́ kó wọn dà nù. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ wọn ná.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n, ti àwọn òyìnbó onígìtá, irú èyí tó ń dún bí ẹni pé páànù ilé fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n nítorí pé oòrùn ti ká wọn, ohùn wọn kò dúró sójú kan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ giramafóònù bàbá mi á gun òkè, á sọ̀kalẹ̀, orin náà á sì máa fì, á máa wú, á máa rẹlẹ̀, bí ìgbà tí a bá pọn ọmọ tí oorun ń kùn, tí a ń gbé e rìn lọ rìn bọ̀. Gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á wá yọ́ bí òrí. Mo rò pé báyìí ni àwọn òyìnbó náà ṣe ń ṣe é. Mo rò pé inú omi ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń lù ú. Ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo ilé bá ti lọ sóko, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù nínú pálọ̀, mo máa ń di ojú, òkè Òrólẹ̀ ìlú wa pàápàá á sì máa fì lójú mi.

Bàbá mi ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló ń tẹ dùùrù, òun ló sì kọ́ mi ní dò-rè-mí kí n tó mọ ìṣirò. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyẹn, mi ò lè gbọ́ wọn lásán. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kò tíì kún, mo kọ orúkọ mi sára rẹ̀, Mojísọ́lá, mo sì ń kọ ohùn orin wọn sílẹ̀ ní dò-rè-mí, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ létí mi. Níwọ̀n ìgbà tí páálí ti bàjẹ́, tí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ sì ti pa rẹ́, mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tèmi, Káyọ̀dé náà sì ń fi pè wọ́n. Àwọn kan ń jẹ́ Alágbẹ̀dẹ, nítorí gìtá wọn dà bí owú lórí irin. Àwọn kan ń jẹ́ Onídùùrù, tí mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹ̀rọ kan wà láàárín wọn tó ń dún bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àárọ̀ Àjíǹde. Àwọn mìíràn sì ni Arìnrìn-àjò. Orin kan ṣoṣo tiwọn lè gba odidi ojú àwo, wọ́n á sì máa ka méje níbi tí gbogbo ayé ti ń ka mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ rẹ kò ní mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn pé àwo wà nílé wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Sátidé, ẹni kọ̀ọ̀kan á gbé àwo tirẹ̀ wá, á yá tẹlòmíràn lọ. Ọmọbìnrin kì í jókòó sáàárín wọn. Ẹ̀yìn fèrèsé ìdáná ni mo máa ń wà, mo ń gún iyán. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́, mo sì ń kọ. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Emùré, tó ga bí ọ̀pá àsíá, sọ pé òun ti gbọ́ Alágbẹ̀dẹ yó, òun ò mọ èyí tí òun tún lè gbọ́ tí yóò jọ ọ́. Káyọ̀dé ń wo òkè àjà. Mo sáré jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́.

"Ẹ gbé èyí tí àkọlé àárín rẹ̀ jẹ́ búlúù," ni mo wí. "Ìlù wọn wúwo bákan náà, ṣùgbọ́n olóhùn tiwọn ń ké bí ẹni tó ń sunkún lójú àlá. Tí ẹ bá ti gba ìyẹn, ẹ wá gba Onídùùrù. Tí ẹ bá kọ́kọ́ gba Onídùùrù, ẹ máa sùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kékeré, ta ló kọ́ ọ?" ni ará Emùré bèèrè. Káyọ̀dé ló dáhùn: "Èmi ni." Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yìn fèrèsé ìdáná ni ọ̀gbẹ́ni náà gbà wá bá mi. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ èyí, mo mọ èyí tó kàn án. Inú mi a máa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí iyán fi máa ń ní kókó.

Àwo kan ṣoṣo ló ṣẹ́gun mi. Àárín símẹ́ǹtì ni Ìyá àgbà sá a sí, ibi tí oòrùn ti mú jù, ó sì ká tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi máa ń fò kúrò lórí rẹ̀. Dùùrù kan á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gìtá kan á dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà, kẹ̀rẹ̀, ó tán. Mi ò gbọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú rẹ̀ rí. Mo kọ àkọlé rẹ̀ sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mi ò tíì mọ èyí tó jọ ọ́," mo fi ìyókù sílẹ̀ ní òfìfo.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Káyọ̀dé rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan. Kí ó tó lọ, ó ní kí n yá òun ní ìwé mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo yá a.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi tan rédíò. Ohùn Káyọ̀dé ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ báyìí, ẹ lọ wá ẹgbẹ́ báyìí. Ó pe àwọn kan ní Alágbẹ̀dẹ. Ó ní tí ẹ bá kọ́kọ́ gba ti onídùùrù, ẹ máa sùn. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ẹ fetí sí bí orin wọn ṣe ń fì, bí ìgbà tí a pọn ọmọ tí oorun ń kùn," ó sì fi àwo náà sí i. Àwo tuntun ni, àwo tó tẹ́jú. Orin náà ń lọ tààrà bí ọ̀nà ọ̀dà. Kò fì rárá.

Ìyá àgbà wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ fífì yẹn ní gbogbo ayé àyàfi ẹni tó gbọ́ ọ lára àwo tí a sá mọ́ kòkó nílé wa. Bàbá mi wò mí. Ó mọ̀. Òun ló kọ́ mi láti gbọ́ ohùn, ó sì ti rí ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó dín ohùn rédíò kù.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Mojí," ni ó wí. "Ohun tó bá yẹ Káyọ̀dé, tiwa náà ni."

Ó tún un sọ fún àwọn àlejò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pé etí orin wà nínú ẹbí wa, pé lọ́dọ̀ òun ni Káyọ̀dé ti jogún rẹ̀. Èmi ni mo gbé omi fún wọn mu. Bàbá mi ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti dárí rẹ̀ jì í. Èyí kò sí níbẹ̀.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo ṣe tíṣà, mo ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìsẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ irú orin tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Káyọ̀dé di gbajúmọ̀. Wọ́n ń pè é ní Etí Èkìtì. Ní ìlú wa, wọ́n fún un ní àwo ẹ̀yẹ onígíláàsì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá gbàdúrà ìparí. Mo gbà á, ó kúrú.

Ní ọdún tó kọjá, Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Adó, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó ń gbọ́ orin onígìtá lórí fóònù rẹ̀. Ó ní fóònù náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún òun pé bí o bá fẹ́ràn èyí, gbọ́ èyí. Mo bi í pé ta ló ń sọ fún fóònù. Ó ní òun ò mọ̀. Mo pe àkọlé kan fún un, èyí tí mi ò gbàgbé láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó tẹ̀ ẹ́. Dùùrù náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gìtá náà dáhùn. Mo ń retí kí ó fò. Kò fò. Ó ń lọ, ó ń gbòòrò, ó wọ ibi tí mi ò dé rí, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ lórí òpópó wa, àwọn ewúrẹ́ ń padà sílé, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí yàrá kan fún nínú ilé tó ti ń gbé láti kékeré. Nígbà tó parí, mo mọ èyí tó jọ ọ́. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé àwo wọn wá lẹ́ẹ̀kan péré ni, tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún. Fóònù kò mọ̀ pé wọ́n jọra.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú nígbà tí Káyọ̀dé wá. Ó ti gbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, awakọ̀ rẹ̀ ló dì í mú gun àtẹ̀gùn. Ó yọ ìwé mi jáde nínú àpò. Ó ti fi abẹ fá orúkọ mi kúrò lára rẹ̀, ibẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀.

"Mojí, mo dá a padà."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀sẹ̀ kan yín mà gùn o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. "Wọ́n máa ń bi mí nípa èyí. Mo ń dárúkọ ẹgbẹ́ tó bá wá sí mi lẹ́nu. Irọ́ ni mo ń pa. Etí mi fúnra mi kò gbé e." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé wàá ti mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn kò ní jẹ́ kí ó bèèrè tán. Ì bá ti sáré jáde láti ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, iyán ì bá máa kán sílẹ̀, ì bá sọ ọ́ fún un, ì bá sọ ọ́ fún awakọ̀ pẹ̀lú.

"Mi ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. "Ẹ mu omi."

Ó mu omi, ó lọ. Nígbà tí mi ò gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ mọ́, mo mú bírò, mo kọ orúkọ mi padà sí ibi tí abẹ fá, mo rọra kọ ọ́ kí ìwé má baà ya. Mo ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Mo pẹ́ níbẹ̀, bírò lọ́wọ́ mi. Mo pa ìwé náà dé, ojú ìwé yẹn ṣì wà ní òfìfo.