Bàbá Fọlákẹ́ àti Ògiri Yàrá Àwòrán

Háà! Àyìndé mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí? Bàtà iṣẹ́ yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, amọ̀ ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ó dìgbà o, ọkọ mi, ó dìgbà tó jìn. Mo fẹ́ jókòó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére bí àwọn opó ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń kọ ọ́, kí n sọ pé ọkọ rere ni yín, kí n sì dákẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀. Gbogbo Sábó ní Sáríà níbí ló ń sọ pé akọni ni yín, pé nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ ṣe kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ ìyókù.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè mọ̀: bíríkìlà ni yín, ẹ̀yin tí ẹ mọlé fún olówó, tí ẹ mọlé fún tálákà, tí ẹnì kan ò sì pè yín lẹ́jọ́ rí pé òjò wó ilé òun. Ọ̀dọ́ ni yín nígbà tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Sáríà. Ọ̀dọ̀ Màlámù Audu ní Gyellesu ni ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọlé, bàbá náà ló sì kọ́ yín pé kí ẹ máa kan ògiri kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí a bá lọ kí ènìyàn, ẹ ó kọ́kọ́ fi eegun ìka kan ògiri rẹ̀, ẹ ó fetí sí i, kí ẹ tó kí onílé. Ojú a máa tì mí. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògiri ni ìyálé mi. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó wá sọ ohun tí ọ̀gá yín máa ń sọ ní Hausa: “Bango yana numfashi.” Ògiri ń mí. Ẹ ní bí ògiri amọ̀ kò bá rí èémí mí, inú ló ti ń kú, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa kún débi pé abẹ́ igi dóńgóyárò ni àwọn ọmọ mìíràn ti ń kàwé. Ta ló ń sọ̀rọ̀ àwòrán yíyà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, kì í rí èédú kó má fi ya nǹkan. Nítorí òun àti irú rẹ̀ ni àwa òbí ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dá yàrá àwòrán sílẹ̀, tí wọ́n sì fi mí ṣe olórí àwọn ìyá. Ọ̀gá ilé-ìwé fún wa ní ilé amọ̀ àtijọ́ kan ní kọ̀rọ̀ ọgbà, tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Tíṣà Dúpẹ́, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ní Sàmárù, gbà láti máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Òbí kan mú ọ̀dà wá, òmíràn mú búrọ́ọ̀ṣì, àwọn télọ̀ Hayin Dogo ní Sàmárù kó àjákù aṣọ wá. Ẹ̀yin tún òrùlé páànù ṣe. Ẹ ní ọdọọdún ni ẹ ó máa fi amọ̀ tí ẹ pò mọ́ koríko gbígbẹ àti omi èèpo irúgbá rẹ́ ògiri náà kí òjò tó dé.

Èmi ni mo ní rárá. Mo ní amọ̀ ò yẹ ọmọ wa, pé àwòrán kò ní dúró dáadáa lórí ògiri tó rí gbágungbàgun, pé sìmẹ́ǹtì ló bóde mu. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ẹ dìde nínú ìpàdé, ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀. Omi yóò wọnú rẹ̀, kò sì ní rọ́nà jáde.” Mo dá yín lóhùn lójú gbogbo ènìyàn: “Haba, Bàbá Fọlákẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?” Ẹ wò mí, ẹ jókòó. Wọ́n rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, ó dán, àwọn ọmọ ya ẹṣin ọdún àti òkè Kufena sí i lára, àwa ìyá sì ń jó. Igun ẹ̀yìn pátápátá ni Fọlákẹ́ mú, ibẹ̀ ló ya ẹ̀yin sí, pẹ̀lú ìka yín lára ògiri. Ibẹ̀ náà ló máa ń jókòó sí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Òjò dé. Àbàwọ́n omi kan yọ nísàlẹ̀ ògiri, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ga tó orúnkún. Àwọn ọmọńlé tó máa ń rìn lára ògiri yẹn lọ, a ò rí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní ó ń dún bí igbá òfìfo. Nígbà tó yá, ẹ ò sọ bó ṣe ń dún mọ́. Ògiri náà là tẹ́ẹ́rẹ́ lókè fèrèsé; ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó là dé, nígbà tí ẹ ó fi padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti kọjá àmì.

Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní àwọn òbí ló ni yàrá, kí ẹ lọ bá olórí àwọn ìyá. Èmi náà nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ikú yín, ẹ pa oúnjẹ tì, ẹ ní: “Ìyá Fọlákẹ́, jẹ́ ká ti yàrá yẹn pa. Ẹ̀rù ń bà mí.” Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, n ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín rí. Mo ní kí ẹ ṣe sùúrù, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn àlejò máa wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, bí wọ́n bá ti lọ, a ó tì í. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn na ọwọ́, ẹ fi ìka kan ògiri yàrá wa, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ti ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́jú. Ẹ ti jáde. Fọlákẹ́ wọ aṣọ ilé-ìwé, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo wo ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ yín sì wá sí mi lọ́kàn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ Sàmárù, mo ní kó lọ bá àbúrò mi ní Hayin Dogo gbé ọmọ. N ò sọ fún yín. N ò sọ fún Tíṣà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé Tíṣà lọ́wọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì lọ sídìí aṣọ tí mo ń tà.

Tíṣà Dúpẹ́ ló sọ ìyókù fún mi. Ọ̀sán ni ẹ sáré dé, omi ń ṣàn lára yín, ẹ ò tilẹ̀ dúró kan ògiri. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n jáde. Wọ́n sá lọ sábẹ́ igi. Ẹ kà wọ́n, ẹ tún wọn kà, ẹ ní: “Fọlákẹ́ mi dà?” Bí ẹ ti yíjú padà, Tíṣà pariwo tẹ̀lé yín pé òun ò rí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ariwo òjò lórí páànù ò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ padà wọlé, ẹ ń lọ sí igun ẹ̀yìn, ẹ ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ògiri tó wó.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ti ń wá kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n ní ọkọ mi ló bá àwọn tún ọmọ àwọn bí. N ò mọ ibi tí n ó gbójú sí. Mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, ọkọ mi. Ọmọ tèmi nìkan ni mo gbà á gbọ́ fún. Ká ní mo sọ ibi tí ọmọ wà fún yín, ká ní mo sọ fún Tíṣà pé ògiri náà léwu, ẹ̀ bá wà nílé lónìí. Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Màlámù Audu wá lánàá. Ó ti darúgbó, wọ́n mú un lọ́wọ́ wọlé ni. Ó sunkún, ó ní, “Allah ya jiƙansa,” kí Ọlọ́run ṣàánú yín, ó ní òun yóò ní kí àwọn ọmọ òun tún yàrá náà mọ ní amọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé sìmẹ́ǹtì débẹ̀. Èmi ni n ó máa po amọ̀ tí wọn ó fi rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé.

Fọlákẹ́ kò tíì ya nǹkan kan. Ó bi mí ìdí tí bàbá òun fi padà wọlé, mo sì sọ fún un kí n tó kọ èyí. Ó dìde, ó fi ìka kan ògiri yàrá wa, ó gbé etí lé e, ó pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Àyìndé, ọmọ yín kò sí nínú yàrá yẹn. Ẹ má pè é mọ́, ẹ má wá a mọ́. Ó wà nílé, ó jókòó tì mí. Ẹ sùn re o, ọkọ mi, ẹ sùn re.

Ìyàwó yín,
Ìyá Fọlákẹ́