Ọbẹ̀ Dúdú Tí Bàbá Mi Kò Mọ̀ Ọ́n Sè

Iṣẹ́ kúkù ni bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Ilé ìgbàlejò ìjọba tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló ti sìn, láti ayé àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn èèyàn tiwa gba ipò wọn. Kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà tí òyìnbó kan tó ń kọjá ní Ìdóàní rí i, tó ní òun fẹ́ ọmọ tí yóò máa fọ abọ́ fún òun. Ìdí abọ́ fífọ̀ ló ti bọ́ sí ìdí ààrò. Nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, ó ti di ọ̀gá kúkù, aṣọ funfun báláú ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ní ilé ìwé girama tí mo lọ ní Ọ̀wọ̀, ọmọ akọ̀wé àti ọmọ tíṣà ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ bàbá mi, màá ní, "Ìjọba ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan. Ó wò mí títí, ó ní, "Oúnjẹ tó o jẹ láàárọ̀ yìí, ṣé akọ̀wé ló sè é?"

Ọdún 1978 ni mo ṣe ìdánwò àṣekágbá, ọdún yẹn náà ni bàbá mi fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ń padà sí Ìdóàní, ìlú òun, láti lọ ṣí ilé oúnjẹ. Ó ti kọ́ ilé kékeré kan sẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀, kò jìnnà sí ọjà. Ìyá mi kò lè fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ní kí n bá bàbá mi lọ, kí n máa ràn án lọ́wọ́ títí èsì ìdánwò mi yóò fi jáde. Mo sunkún láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà, láàárín ìkòkò àti àga.

Ìdóàní kì í ṣe ìlú elédè kan ṣoṣo. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní àwọn àdúgbò kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn yàtọ̀ sí ti Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí wọ́n ti bí bàbá mi, èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nínú ilé, èmi ò sì gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé ọ̀nà Bìní làwọn gbà wá. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ní Ọ̀wọ̀ débi pé èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ìkíni nìkan ló kù.

Ọjọ́ tí a ṣí ilé oúnjẹ náà, bàbá mi tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mẹ́rin, ó to fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó se ìrẹsì, ó dín adìyẹ, ó fi wàrà po ọ̀dùnkún títí ó fi rí bí ẹ̀kọ, ó sì se kọ́sítáàdì. Èrò wá wò wá bí ẹni wo ìran. Àgbẹ̀ arúgbó kan jókòó, ó fi ìka kan ọ̀dùnkún náà, ó fi kan kọ́sítáàdì, ó wá bi bàbá mi léèrè tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Kúkù, ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù rẹ̀ léraléra.

Ṣé ènìyàn kì í ṣaláìjẹun, àwọn tíṣà ilé ìwé àti àwọn awakọ̀ ń yà lọ́dọ̀ wa. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Bàbá, ṣé ẹ ní iyán? Ṣé ẹ ní ọbẹ̀ dúdú?" Iyán kò ṣòro, èmi ni mo ń gún un. Ọbẹ̀ dúdú ló di ìṣòro. Ewé ewúro àti ẹfínrín ni wọ́n fi ń sè é, omi ẹyìn ni wọ́n ń tú sí i, ó sì máa ń dúdú bí aró. Bàbá mi rántí àwọ̀ rẹ̀, ó rántí òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá kì í jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ó se ìkòkò kan, ó se èkejì. Àgbẹ̀ arúgbó ọjọ́sí náà fi òkèlè méjì tọ́ ọ wò, ó mu omi lé e. Ó ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Ẹnì kan wà ní ìlú náà tó mọ ọbẹ̀ yẹn bí ẹní mowó: ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé ìyá wọn ló ń gbé, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn kò ní làágùn kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ń kọjá, tó sì kí i, yóò yí ojú sí ògiri. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ó sì gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ tábìlì tí kò ya.

Mo dá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó fi èdè rẹ̀ dá mi lóhùn. Nígbà tó rí i pé mo dúró bí ọ̀dẹ̀, ó yí i sí Yorùbá. "Ìwọ ọmọ kúkù, kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bá yín bó ẹ̀gúsí ni, mà."

"Ṣé bàbá rẹ ló rán ọ?"

"Rárá, mà. Wọn ò mọ̀ pé mo wá."

Ó fi ẹsẹ̀ ti igbá ẹ̀gúsí náà sún mọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán, lẹ́yìn tí a bá ti fọ abọ́ tán, màá lọ jókòó tì í. Ó ń kọ́ mi ní èdè àdúgbò wọn díẹ̀díẹ̀: omi, iná, iyọ̀, wá, dìde, ebi ń pa mí. Bí mo bá ṣì í pè, yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìyá àwọn ló máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó la ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé, pé ibi tí ìkòkò ìyá àwọn ti ń hó ni òyìnbó ti rí àbúrò òun, tó mú un lọ.

Lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé mo bi í, ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ọjọ́ tí ìyá wa kú, mo ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀run. A gbé òkú sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́, a ń wo ojú ọ̀nà. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wa bí. Kò wá. Ọmọ ọlọ́mọ ló bá wa bu yẹ̀pẹ̀ sí i." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń bẹ iṣu. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àlejò mẹ́jọ ni òyìnbó ní lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ìwé tí wọ́n kọ sí mi sínú àpò, mò ń sè, mò ń sunkún. Mo rò ó pé bí mo bá tọrọ ààyè, yóò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá kò tiẹ̀ ní lé mi. Mi ò bi í." Ó mí kanlẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú wá ń tì mí láti wá. Bí oṣù ṣe di ọdún nìyẹn."

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ rí, sà?"

"Kí ni n óò sọ?"

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbálẹ̀ ojúde nígbà tí a débẹ̀. Bàbá mi, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Àwọn aládùúgbò yọjú láti ojú fèrèsé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́: ìwé inú àpò, àlejò mẹ́jọ, ìbẹ̀rù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nàró, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn. Bàbá mi gbé orí sókè, ó wò ó, kò yé e, ó wá yí ojú sí mi, ó ní:

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, 'Dìde. Ebi ń pa mí.'"

Kò tètè dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa apá rẹ̀ sókè, tó ń gbọn eruku kúrò lára bùbá rẹ̀, tó ń fi Yorùbá àti èdè wọn bú u pọ̀ pé àgbàlagbà bíi tirẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá sí ilé oúnjẹ wa. Bàbá mi gbé iyán àti ọbẹ̀ dúdú rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ti àwo náà sẹ́yìn.

"Ta ló ní kí o fọ ewúro yìí kú?"

"Mo fọ̀ ọ́ kó lè mọ́ ni."

"Ìgbà mélòó?"

"Ìgbà méje."

"Ó mọ́ lóòótọ́. Ìkorò rẹ̀ tí ìyá wa fi ń tajà lo fọ̀ dànù yẹn." Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fọ ewúro tirẹ̀. Ó kó o pọ̀ mọ́ ẹfínrín àti ìyèré sórí ọlọ, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó tú omi ẹyìn sí i, ó kó ẹja gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ lé e. Bàbá mi mú ìwé kékeré tó ti ń kọ oúnjẹ òyìnbó sí jáde.

"Iyọ̀ ńkọ́? Ṣíbí mélòó?"

"Ṣíbí kẹ̀? Ṣé ẹnu rẹ wà fún ìsọkúsọ nìkan ni? Fi tọ́ ọ wò."

Nígbà tí ọbẹ̀ náà jinná, bàbá mi fi òkèlè kan sẹ́nu, ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé oúnjẹ wa ti di ilé oúnjẹ. Àwọn Ìgbìrà tó ń dá oko iṣu yí ìlú ká ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa, àwọn tíṣà ń wá, àwọn obìnrin Afo, ìlú kan tí kò jìnnà, tó wá ná ọjà ń yà sinmi lọ́dọ̀ wa. Bàbá kan tó ń ta aṣọ, mùsùlùmí láti àárín ìlú Ọ̀wọ̀, máa ń wá sí ọjà Ìdóàní. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó, ó ń wo ẹran ìgbẹ́ inú ọbẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá kúkù, ọbẹ̀ yín ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n ẹran tí ìbọn pa, tí a kò dú, n kì í jẹ ẹ́."

Bàbá mi ní kó fún òun láyè díẹ̀. Ó rán mi lọ ra ìkòkò tuntun, ó fi ẹja nìkan se ọbẹ̀ sínú rẹ̀. Ìkòkò yẹn kò fara kan ẹran ìgbẹ́ títí ayé. Bàbá aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n á kírun lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n á wọlé wá jẹun.

Ìtàn ìlú ni wọ́n máa ń fi jẹ iyán níbẹ̀. Àwọn àgbà méjì kan wà tí kì í jókòó pọ̀ kí wọ́n má jiyàn lórí àdúgbò tó kọ́kọ́ tẹ Ìdóàní dó. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti ń bá wa dáná nígbà náà, gbé orí jáde láti ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ jẹ iyán yín kó tó tutù. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ti kú tipẹ́." Àwọn méjèèjì wẹ ọwọ́ wọn, wọ́n sì jẹun.

Èsì ìdánwò mi jáde, ó dára. Kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì láti Ọ̀wọ̀ yà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n jẹun, wọ́n tún bu sí i. Ọ̀kan bèèrè ẹni tó sè é. Mo pe bàbá mi jáde láti ilé ìdáná, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi nìyí. Kúkù ni wọ́n."

Ní ọdún 1983, Afo ni wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Opó kan láti ibẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ lọ́dọ̀ bàbá mi fún bí ọdún méjì. Lọ́jọ́ tó ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sí Afo, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. A rò pé ẹnikẹ́ni kò ní wá. Ọkọ̀ kan dúró nínú ẹrẹ̀, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, àpò náílọ́ọ̀nù lórí àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé àga mọ́ tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti lè rí wọn. Bàbá mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyá olóúnjẹ, ẹ fún wa ní iyán. Ẹni méjì ni wá."