Ikọ́ Tí Àbúdù Ń Fi Aṣọ Bò

Inú odò ni Àbúdù ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Agboyi ní Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ yanrìn: á tukọ̀ dé àárín odò, á di garawa mú, á rì lọ sí ìsàlẹ̀, á sì gbé yanrìn gòkè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé bí Àbúdù bá rì, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè mu sìgá tán kó tó yọjú.

Ní ọdún 2006, ìjà kan bẹ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Ojota. Àwọn tó jà sá lọ. Àbúdù tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ni ọlọ́pàá rí mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àlàyé rẹ̀. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Yàrá tí wọ́n fi í sí kún débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo ẹni tó sùn tẹ̀ lé e ni yóò yí. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi mú un. Ó ń rù, òógùn ń bò ó bí ó bá sùn, ṣùgbọ́n aṣọ ló fi ń di ẹnu. Wọ́n ti sọ fún un pé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó àwọn tó ń wúkọ́ lọ, òkú wọn ló sì ń jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wọlé wá. Nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá ló ṣáájú wọn. Wọn ò gbé ẹ̀rọ ńlá kankan wá. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi gbogbo ẹlẹ́wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fu wọ́n lára nìkan ni yóò ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré, kí wọ́n lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìnáwó rẹ̀ ò pọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ń wúkọ́?" Nọ́ọ̀sì bi Àbúdù.

"Rárá o, Àǹtí. Ara mi le koko."

Elkanah, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí yàrá wọn, gbóhùn sókè: "Nọ́ọ̀sì, irọ́ ló ń pa. Aṣọ ló fi ń di ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn."

Inú bí Àbúdù. "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi fẹ́ kí n kú?"

"Gba ike yẹn jàre."

Ikọ́ ife ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n bá a lára àwọn mìíràn náà, títí kan ẹni tó rò pé ibà lásán ló ń ṣe òun. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n kó wọn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí fèrèsé ibẹ̀, oògùn ọ̀fẹ́ sì ń dé lójoojúmọ́. Nígbà tí Àbúdù kọ́kọ́ rí i tí ìtọ̀ rẹ̀ pupa, ó figbe ta.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ̀jẹ̀ kọ́."

Oògùn ò tíì tán nígbà tí kóòtù dá a sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì júwe ilé ìwòsàn kan fún un ní Ketu, ó sì bá Tàwàkálítù, ìyàwó rẹ̀, sọ̀rọ̀ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dáwọ́ oògùn lílò dúró. Láràárọ̀ ni Tàwàkálítù ń dúró tì í. "Bàbá Muideen, ẹ lanu kí n rí i pé ẹ ti gbé e mì." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí wọ́n fi sọ nílé ìwòsàn pé ikọ́ náà ti tán lára rẹ̀.

Èémí rẹ̀ ò gùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ó fi yanrìn sílẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá odò. Kò bínú sí i rárá. Ó ní ẹni tó bá ń mí ti rí nǹkan gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìgbà tí ara rẹ̀ yá tán, ó ra búrẹ́dì àti ọṣẹ, ó lọ wo Elkanah lẹ́wọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níṣojú wọ́dà tó ń ṣọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ tú àṣírí mi, ẹ sì gba ẹ̀mí mi là. Ẹ ṣeun, ẹ kú oore."

Elkanah fọwọ́ gbá a léjìká. "Má dúpẹ́ jù, ọmọ mi. Ẹ̀rù ara mi ló kọ́kọ́ bà mí. Ṣebí imú mi lo ń wúkọ́ sí!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Àbúdù, wọ́dà náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.