Abúlé Tí Mo Ti Pọn Ọmọ-ọmọ Mi

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ sí abúlé ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ìyá ìjọ wa ní Barking, ní London, sọ pé mo ń lọ jayé. Ayé wo? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la abúlé náà já. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, fadá kò sí. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa nítorí kò sí ọmọ. Màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń kí èèyàn. Ní Parsloes tí mò ń gbé ní London, ẹni tí a jọ pín ògiri kò mọ̀ bóyá mo wà láàyè.

Ìyá ọkọ ọmọ mi ni wàhálà. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó sì mọ ohun gbogbo. Ó ní bí a bá ń pọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́. Bó bá ń ké, ká tilẹ̀kùn mọ́ ọn, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀já tí mo rà lọ́jà East Street, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé ìkòkò òdòdó lé e!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ké nínú yàrá títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ jókòó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dìde.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, leave him. Wọ́n ní he'll self-settle. Èmi ni mo máa bá wọn gbé, ẹ̀yin ń padà sí London.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, nítorí òótọ́ ni. Bí mo bá gbà lọ́jọ́ náà, àlejò ni mo máa jẹ́ sí ọmọ yìí títí ayé, màmá àgbà orí fóònù lásán.

“Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé,” mo dá a lóhùn. “Gbogbo àdúgbò Goresbrook ni mo pọ̀n ẹ́ rìn. Ẹsẹ̀ rẹ wọ́ ni?”

Mo gbé ìkòkò òdòdó kúrò, mo fa ọ̀já mi yọ. Mo wọ yàrá, mo sọ ọmọ sẹ́yìn, mo dì í gírígírí, mo bá jáde sí títì. Mò ń ki oríkì ilé wa fún un sókè ketekete. Àwọn arúgbó ń ṣí fèrèsé, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: bonjour, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ọmọ ni wọ́n ní kò sí? Ọmọ rèé.

Ìyá ọkọ sáré bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Give me the baby!”

“Ẹ má bínú, àna mi,” ni mo wí ní Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo yí ẹ̀yìn mi sí i, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i: ọmọ ti sùn.