Pátákó Tó Jókòó Lé Kókò Wa Lórí

Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni mo fi jẹun. Láti ìgbà tí mo ti parí ìwé mẹ́fà ni mo ti ń fi ayùn rẹ́ pákó, tí mo ń fi ìṣó kàn án mọ́ra. Nítorí náà, bí mo bá rántí pé pákó kan ṣoṣo, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí n kò lè fi kan ilé adìẹ, dá mi dúró lẹ́nu ọgbà ara mi láti ìgbà ọyẹ́ títí àkọ́rọ̀ òjò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, inú á tún bí mi. Ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń bínú sí. Lẹ́yìn náà ni n óò wá kọjú sí àwọn tó gbé e wá.

Ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Èmùré-Ilé ni ọgbà náà wà, kókò la sì gbìn síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbin kókò lágbègbè wa mọ ohun tí ojú wa rí. Àrùn kan dé tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ léraléra, ewé kókò á ṣe bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Á dúdú, á wó lulẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ní ta ju àtàǹpàkò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ìjàgbà tó sì padà wá sílé bàbá wa, ló kó ọmọ kókò kan bọ̀ láti ibẹ̀ nínú àpò ìrẹsì. Ọ̀pá ewé rẹ̀ pọ́n.

Mo ní, “Àǹtí, ti ẹ̀jẹ̀ ríru wo lẹ tún gbé wá yìí?”

Ó ní, “Gbẹ́ ilẹ̀, kápẹ́ńtà. Èyí ò mọ àrùn.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí òjò dé tí kókò gbogbo àdúgbò jó, tiwa ń na ewé bí agbòjò. Àwọn aládùúgbò á wá fara ti ọgbà, wọn á máa wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí fún gbogbo wọn pé bí a bá ti wà á, oníkálukú á rí ọmọ kókò gbà, kí wọ́n lè gbìn ín bí òjò bá padà dé. Ní Ìjàgbà gan-an, wọ́n ti jẹ tiwọn tán. Ti ẹ̀yìn ilé wa yìí nìkan ló kù tí a mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi bá a. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò títí. Kò pẹ́, ó padà wá tòun ti ọkọ̀ àti pátákó.

“Àńkù, pátákó kékeré lásán ni. Ọ̀gá wa fẹ́ fọwọ́ ara wọn wa kókò yìí, ká yà wọ́n ní fọ́tò.”

“Kókò ta ni ọ̀gá yín fẹ́ wà?”

“Tiyín náà ni, sà. Àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.”

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà mi gbé mi dé ìdajì rẹ̀: oko àpẹẹrẹ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìgba àṣẹ. Kò sọ pé àfi ẹni tó ni ín. Wọ́n tún wá ya òǹtẹ̀ ńlá kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ló pa mí.

Ewé kókò gbẹ, ó tó wà. N óò gbé ọkọ́, n óò dé iwájú pátákó, n óò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wọn igi ọgbà bí ẹni pé ọgbà ni mo wá tún ṣe. Bí mo bá pe ọmọ náà, á ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Bí mo bá tún pè é, ọ̀gá rìnrìn àjò. Òkété ní tirẹ̀ kò lọ iléèwé, kò mọ òǹtẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rí ihò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, ká má ba iṣẹ́ ọmọ wa jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, sùúrù tán.

“Kápẹ́ńtà, ta ló ni kókò yìí?”

“Àwa ni, Àǹtí.”

“Kí ló wá dé tí òkété ń jẹ ẹ́ tí àwa ò lè wà á?”

“Pátákó yẹn ni...”

“Pátákó! Ìwọ tó ò ń kan pósí, tó o tún ń sùn sínú rẹ̀ lọ́sàn-án!”

Inú pósí máa ń tutù lọ́sàn-án.

Ó wọlé, ó mú akísà pupa kan, màrìwò díẹ̀ àti àjákù bàtà jáde, ó sì so wọ́n mọ́ ọrùn pátákó náà. Ààlè ni. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, tó máa ń fi ohùn bo ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin mọ́lẹ̀!

Mo ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì!”

“Mi ò pe òrìṣà kankan. Akísà ni mo so. Bí kò bá sí nǹkan nínú pátákó tiwọn, kò sí nǹkan nínú akísà tèmi.”

Ó ní tí òun bá ti Ìdóàní dé, òun á wa kókò òun, ká wo ẹni tó máa mú òun. Ó wọkọ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀, ó fi ẹ̀rù méjì sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó so ààlè ló ń tú u. Ìyẹn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ: kò tíì dé tí ọ̀gá fi ráyè. Ọkọ̀ méjì. Ọkọ́ tuntun tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́. Ọ̀gá wọ bàtà òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń yan bọ̀. Nígbà tó rí ọrùn pátákó rẹ̀, ó dúró bí ẹni tó tẹ iná.

“Kí nìyí?”

“Ààlè ni, sà,” ni ọmọ àbúrò mi wí. Ó yíjú sí mi. “Àńkù, ẹ bá wa tú u.”

“Ṣé èmi ni mo so ó?”

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ni ọgbà?”

“Háà, èmi ni mo ni ín? N kò mọ̀ o. Ohun tí mo kà lára pátákó yín kọ́ nìyẹn.”

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ti fà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá ààlè náà. Àwọn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ wo akísà, wọ́n wo ara wọn, kò sí ẹni tó gbẹ́sẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀gá gbé ọkọ́ sókè lẹ́bàá títì, wọ́n yà á ní fọ́tò níbẹ̀, ọgbà wa wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí bí kókò náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ àrùn, tàbí ibi tó ti wá.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé tí mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìka méjì ló fi tú ààlè náà. Mo gbé ọkọ́ wá, a bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Ebè àkọ́kọ́, èèpo lásán. Ìkejì, èèpo. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Nígbà tí a fi wa gbogbo rẹ̀, ohun tí òkété ṣẹ́ kù kò dé ìdajì àpò ìrẹsì tó gbé e wá. A kò se ẹyọ kan jẹ. A pín in fún àwọn tí a ṣèlérí fún, ọmọ kókò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń retí apẹ̀rẹ̀ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á.

Mo pe ọmọ àbúrò mi. Ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀, n kò mọ̀ pé mo ní in. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì wá ń họ orí.

“Mọ̀mí, Àńkù, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ní kí n tọrọ díẹ̀ níbẹ̀. Tilé wa kú tán.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a sọ Yorùbá ìwé. Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló fi sọ fún un pé ọmọ kókò kan wà fún un, àmọ́ kó kọ́kọ́ gbé pátákó rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá òun. Ọmọ náà fà á tu tòun ti aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, ó sì gbé e gun ọ̀kadà lọ.

Ọmọ kókò kan ló kù fún àwa náà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, inú ihò tí pátákó fi sílẹ̀ ni mo gbìn ín sí. Ihò náà jìn, ó ṣókùnkùn. Mo kọ́kọ́ fi igi tọ́ ọ wò ná, bóyá òkété ti gba ibẹ̀, kí n tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.